Orí Kẹfà: Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá Ẹṣin, Ìtàn King's College, Èkó

Bí a bá ní kí ènìyàn sọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún wa, ohun méjì ló sábà máa ń kó sílẹ̀: orúkọ àwọn pírínsípà láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí, àti orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ti di ènìyàn ńlá. Àwọn orúkọ wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tó ìtàn. Ó kù kí a mọ ìdí tí a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ẹni tó náwó sí i, irú ọmọ tó wọ ibẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé pọ̀, àti ohun tí gbígbé pọ̀ náà sọ wọ́n dà.

King's College tó wà ní Erékùṣù Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí. Ìjọba ló dá a sílẹ̀ ní 1909, ìjọba ló sì ń bójú tó o títí di òní. Mo yàn án nítorí pé ìtàn rẹ̀ fi ohun kan hàn wá kedere: ẹni tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò lè pinnu ohun tí àwọn ọmọ yóò fi ìmọ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ ṣe. Òyìnbó amúnisìn ń wá òṣìṣẹ́ tó mọ̀wé, ó sì rí wọn. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ni àwọn tó bi í léèrè ìdí tó fi ń jọba lé wọn lórí ti jáde.

Èkó kí ọdún 1909 tó dé

Àwọn ìjọ ló kọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859, ìjọ Sẹ́mẹ́ẹ̀sì ṣí CMS Grammar School pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther àti bàbá Herbert Macaulay, ni olórí rẹ̀. Ọmọ Sàró kan tó jẹ́ oníṣòwò ńlá, James Pinson Labulo Davies, ló fi owó tirẹ̀ ra ìwé àti ohun èlò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọ Elétò ṣí Methodist Boys' High School ní 1878, wọ́n ṣí ti àwọn ọmọbìnrin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà ní Baptist Academy.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìjọba kò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kankan tirẹ̀. Owó ìrànwọ́ díẹ̀ ló ń fún àwọn ìjọ, ó ń rán alábẹ̀wò lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ó sì ń gba àwọn tó bá jáde síṣẹ́. Ètò yẹn tó wọn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, tí wọ́n sì so Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà ní 1906, ọ́fíìsì di púpọ̀ lójijì. Réluwé ń wá akọ̀wé, ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wá akọ̀wé, kọ́sítọ́ọ̀mù àti kóòtù náà ń wá. Owó ọkọ̀ àti owó oṣù òyìnbó tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ sì wọ́n púpọ̀ ju ti ọmọ ilẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀, àwọn òpìtàn kì í sì í sọ ọ́ tó bí ó ṣe yẹ. Mùsùlùmí pọ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ òbí nínú wọn ló ń bẹ̀rù pé bí ọmọ àwọn bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, Mọ́mọ̀dù tó wọlé lè padà jáde ní Moses. Ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ọmọ Mùsùlùmí ní 1899, ṣùgbọ́n ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kì í ṣe ti ìjọ kankan jẹ́ ohun tí àwọn ará Èkó kan ti ń retí tipẹ́.

Gbọ̀ngàn ńlá, ọmọ mẹ́wàá

Nígbà tí Walter Egerton ń ṣe gómìnà ni ètò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Henry Carr, ọmọ Èkó tó wà ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1863, ó kàwé gboyè ní Fourah Bay ní Sàró, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí ipò wọn ga jù lọ nínú iṣẹ́ ìjọba nígbà ayé rẹ̀. Ó fẹ́ràn ìwé débi pé nígbà tó kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ló fi sílẹ̀, àwọn ìwé náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Herbert Macaulay kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí ó gbà pé ti òyìnbó ni Carr ń ṣe. Ìjà àwọn méjèèjì kò lópin títí Carr fi kú.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1909 ni King's College ṣí. Ọmọ mẹ́wàá ló wọlé. Ilé tí wọ́n wọ̀ ní gbọ̀ngàn tó lè gba 300 ènìyàn, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ, ọ́fíìsì, àti yàrá kan fún iṣẹ́ kẹ́mísìrì. Ẹni tó bá fi iye ọmọ wé ìwọ̀n ilé náà yóò rí i pé ọjọ́ iwájú ni àwọn tó kọ́ ọ ń wò.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ẹ̀kọ́ tó ga ju èyí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀ ń fún wọn lọ. Wọ́n fẹ́ múra wọn sílẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n sì fẹ́ kọ́ àwọn tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú, iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ àwọn ilé ìṣòwò. Ẹ kíyè sí i pé nǹkan méjì tó yàtọ̀ wà nínú ète kan ṣoṣo yìí. Iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé ìṣòwò ni ohun tí òyìnbó ń wá. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ohun tí àwọn òbí ń wá. Yàrá kẹ́mísìrì yẹn gan-an ni ìlẹ̀kùn, nítorí ọmọ tí kò bá ti fọwọ́ kan ohun èlò sáyẹ́ǹsì rí, ọ̀nà àtidi dókítà jìn sí i.

Àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá

Méjì nínú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ di dókítà: Isaac Ladipo Oluwole àti James Churchill Vaughan. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Yunifásítì Glasgow ní Scotland ní 1913. Wọ́n sì jọ parí níbẹ̀ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń lọ sópin.

Oluwole, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, padà wá di ọmọ ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó di dókítà ìmọ́tótó ìlú ní Èkó. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ nílùú náà. Òun ló wà nídìí iṣẹ́ yíyẹ ilé wò, pípa eku, àti kíkọ́ àwọn wolé-wolé ní iṣẹ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tó wà ní Yábàá jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Massey Street.

Ìran Vaughan ní tirẹ̀ gùn. South Carolina ní Amẹ́ríkà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Àwọn ẹbí náà gbà pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ni bàbá ọkùnrin yẹn. Bàbá bàbá Vaughan yìí wá gba Làìbéríà padà sí ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1850 sí 1860, ó gbé Ìjàyè àti Abẹ́òkúta kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Nígbà tí Dókítà Vaughan padà dé láti Glasgow, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn, ó sì ń ṣe ìṣèlú. Ní 1934 ìjọba ṣí Yaba Higher College ní gbangba. Ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kì í ṣe ti yunifásítì, ẹni tó bá sì ṣe tán níbẹ̀ yóò ṣì wà lábẹ́ òyìnbó tó kàwé ní ìlú ọba. Èyí bí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó nínú. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya ló wà lára àwọn tó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún náà, Vaughan sì ni ààrẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sọ ọ́ di Nigerian Youth Movement.

Ikoli náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ King's College, ó sì ṣe tíṣà níbẹ̀ kí ó tó lọ síṣẹ́ ìwé ìròyìn, níbi tó ti di olóòtú àkọ́kọ́ fún Daily Times ní 1926. Ọmọ Ìjọ́ ni, láti ẹkùn odò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàárín Èkó yìí ti ń kó ọmọ Yorùbá pọ̀ mọ́ ọmọ ìlú mìíràn, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣì jẹ́ ti ìjọ kan tàbí ti ìlú kan.

Bí wọ́n ṣe ń gbé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ilé ìgbé, kí ó wo aago rẹ̀. Aago ló ń jí ọmọ, òun ló ń pè é lọ jẹun, òun náà ló ń ní kí ó pa iná kí ó sì sùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní King's College ni wọ́n ń ṣe é ní Government College Ìbàdàn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1929, àti ní Queen's College, arábìnrin King's College, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1927. Ọmọ yóò jí ní ìdájí, yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò wẹ̀, yóò gba ìpín iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbígbálẹ̀ ọgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àpéjọ òwúrọ̀, kíláàsì, oúnjẹ ọ̀sán, ìsinmi, eré ìdárayá, ìwé kíkà alẹ́. Ìlànà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wá síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pín àwọn ọmọ sí agbo ilé mẹ́rin: Hyde-Johnson's, Panes', Harman's àti McKee-Wright's. Orúkọ òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ wọ́n. Agbo ilé ni ọmọ ń sá eré fún, òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ìtìjú agbo ilé rẹ̀ sì ni ìtìjú tirẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ọnìṣà tó wà ní agbo ilé kan náà yóò jọ dojú kọ ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn ní agbo ilé kejì. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, iṣẹ́ ńlá ni èyí ṣe. Ó sọ ọmọ di ará ibì kan tí kì í ṣe ti ìdílé tàbí ìlú rẹ̀, láìgba ìdílé tàbí ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú eré, kíríkẹ́ẹ̀tì ló gbajúmọ̀ jù lọ níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀lù àti eré sísá pẹ̀lú. Wọ́n ní ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní The Mermaid, níbi tí ọmọ tó ní àròkọ tàbí ewì ti lè rí orúkọ ara rẹ̀ ní títẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ aríyànjiyàn. Nínú gbogbo ohun tí àwọn tíṣà òyìnbó kó wá, èmi gbà pé aríyànjiyàn yìí ló léwu jù lọ fún ìjọba tó ń san owó oṣù wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá ti dìde níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, tó sọ èrò rẹ̀, tí wọ́n ta kò ó, tó sì fèsì láìbínú, kò ní í gbọ̀n mọ́ bí ó bá dúró níwájú gómìnà.

Apá kan wà nínú ìgbé ayé ilé ìgbé tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, sínió máa ń fi júníọ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀: kí ó pọn omi, kí ó fọ aṣọ, kí ó fún un ní gààrí àti súgà tí ìyá rẹ̀ kó fún un. Àwọn kan ń pè é ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìyà ni. Àwọn tó jẹ ẹ́ ló sì máa ń fi jẹ àwọn tó bá tẹ̀ lé wọn. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ka èdè abínibí léèwọ̀ tí wọ́n pè é ní fanákúlà, tí ọmọ tó bá sọ Yorùbá ń san owó ìtanràn tàbí kí ó gé koríko. Àdánù tí èyí ṣe fún èdè wa kò tíì tán.

Ọdún 1944

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba kó sójà sínú ilé ìgbé àwọn ọmọ King's College. Wọ́n wá ibòmíràn fún àwọn ọmọ náà láàárín ìlú. Ibi tí wọ́n kó wọn lọ kò bá wọn lára mu. Wọ́n fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn, a kò dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ, ni wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1944.

Ohun tí ìjọba ṣe sí wọn ló sọ ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ di ọ̀rọ̀ ìlú. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí kóòtù. Wọ́n fipá fi mẹ́jọ tí wọ́n kà sí aṣáájú wọn sínú iṣẹ́ ológun. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun yẹn, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ rán lọ kàwé.

Inú ará Èkó ru. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà pe ìpàdé ńlá sí gbọ̀ngàn Glover ní oṣù Kẹfà, wọ́n sì fẹnu kò pé ó tó àkókò kí gbogbo ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè yìí wà lábẹ́ agboòrùn kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1944, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀. Herbert Macaulay di ààrẹ, Nnamdi Azikiwe sì di akọ̀wé àgbà.

A kò gbọ́dọ̀ ṣe àsọdùn. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ yìí nìkan kọ́ ló bí NCNC. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti Azikiwe ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wàhálà náà tó bẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìpàdé lásán kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́jọ náà ṣe é: ó mú kí ìyá tó ń tajà ní Balógun lóye ohun tí àwọn lọ́yà ń wí.

Kí ló fún àwọn ọmọ náà nígboyà? Wọ́n ti jọ jẹ, wọ́n ti jọ sùn, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yan olórí àti bí a ṣe ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ka ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ja fún ẹ̀tọ́ wọn, nínú ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́. Ní 1953, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ King's College mìíràn, Anthony Enahoro, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ó sì dá àbá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956.

Lẹ́yìn òmìnira

Iwájú King's College gan-an ni pápá ìsáré ẹṣin Èkó wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, tí wọ́n sì ta ti Nàìjíríà sókè. Pápá náà ló di Tafawa Balewa Square lẹ́yìn náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òmìnira ni ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ di pírínsípà ilé-ẹ̀kọ́ náà: Rex Akpofure ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Warri, Okposi àti Sókótó ní 1966, tí wọ́n sì ti lé ní 100 báyìí. Ìdánwò kan náà ni gbogbo ọmọ ń ṣe láti wọlé, wọ́n sì ń pín àyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àríyànjiyàn wà lórí èyí títí di òní, nítorí ọmọ tó gba máàkì gíga ní ìpínlẹ̀ kan lè pàdánù àyè tí ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn fi máàkì kékeré rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé ní 1982, kíláàsì kẹfà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Iye ọmọ pọ̀ sí i ju ohun tí ọgbà kékeré tó wà ní Catholic Mission Street lè gbà, ni wọ́n fi ní ẹ̀ka kejì ní Victoria Island.

Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ pinnu láti fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ̀ jálẹ̀, ìjọba tó dé ní 2007 sì fagi lé e. Ní 2009, King's College pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ rẹ̀ lágbára. Adetokunbo Ademola, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí, wà lára wọn. Alex Ekwueme tó ṣe igbá-kejì ààrẹ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Sanusi Lamido Sanusi tó ṣe gómìnà báńkì àpapọ̀ tó sì jọba ní Kánò. Ẹgbẹ́ wọn ń tún ilé ṣe, wọ́n ń ra ohun èlò. Ohun rere ni. Síbẹ̀, ó yẹ kí ó kó ìdààmú bá wa pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń gbára lé ọwọ́ àwọn tó ti jáde. Nígbà tí Lateef Jakande ń ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ó sì fòpin sí kí ọmọ kan máa lọ láàárọ̀ kí èkejì máa lọ lọ́sàn-án. Ọmọ mẹ́kánííkì àti ọmọ alágbàfọ̀ ló wọ ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní igbá-kejì ààrẹ tó lè bá a ra àga. Ìjọba nìkan ló ní, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni pé kí ìjọba tọ́jú rẹ̀ bí ó ṣe tọ́jú King's College ní 1909, nígbà tó kọ́ gbọ̀ngàn 300 ènìyàn fún ọmọ mẹ́wàá.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ kọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ tiyín ní ojú ewé mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí. Ẹ wo iṣẹ́ àwọn òbí àti ìlú tí àwọn ọmọ ti wá ní ọdún mẹ́ta tó jìnnà síra, kí ẹ sì sọ ohun tó yí padà àti ìdí tó fi yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ènìyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀: ẹnì kan tó jáde kí wọ́n tó bí yín, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti ẹnì kan tí kì í ṣe tíṣà tàbí akẹ́kọ̀ọ́, bí alásè, aṣọ́gbà tàbí ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ohun kan rí, ohun tó fà á, àti bí àwọn aláṣẹ ṣe dá wọn lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ gbà gbọ́ àti ẹ̀rí tó mú yín gbà á. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ pírínsípà kí ẹ tó ya fọ́tò ìwé àtijọ́ kankan, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.